Ṣé ká fi orúkọ Àyándélé sílẹ̀ fún ọmọ wa?

Ìbéèrè: Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọkùnrin. Onílù ni bàbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, òun ló sọ ọmọ náà ní Àyándélé. Àgbẹ̀ làwa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi la sì ń lọ. Àwọn ará ilé mi ní orúkọ òrìṣà ni, pé ká sọ ọ́ di Ayọ̀délé. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á wò ó, á dá a sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí i padà.

Àyàn Àgalú ni àwọn onílù gbà pé ó kọ́kọ́ lu ìlù láyé, òun sì lòrìṣà wọn. Ìdílé tí iṣẹ́ ìlù ti ń bọ́ láti ọwọ́ baba sí ọwọ́ ọmọ ló ń sọ ọmọ ní Àyántúndé, Àyánwálé, Àyánkúnlé, àti ọkùnrin àti obìnrin. Bí bàbá ìyàwó yín ṣe ní Àyàn dé sílé yìí, ayọ̀ ló ń yọ̀ pé ìran onílù kò dúró lọ́dọ̀ òun nìkan, pé ọmọbìnrin òun gbé e dé ilé àgbẹ̀. Ọmọ tí ọmọbìnrin onílù bí náà lè jẹ́ Àyàn, ó sì lè kọ́ ìlù lọ́dọ̀ bàbá ìyá rẹ̀.

Orúkọ dáadáa ni Ayọ̀délé, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀tọ̀ ni. Ẹ ní kí bàbá fi ìyáàlù dùndún pe méjèèjì kẹ́ ẹ gbọ́. Fún Àyándélé, ohùn ìlù á kọ́kọ́ wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà á fún ọ̀ṣán mọ́ ìhà, ìlù á ké sókè lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Fún Ayọ̀délé, àárín ló ti máa bẹ̀rẹ̀, á wálẹ̀, kó tó ké sókè lẹ́ẹ̀mejì. Etí onílù kò lè gbà wọ́n ní ọ̀kan náà láé.

Ní ti ìgbàgbọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Emmanuel Àyánkànmí Àyándélé, òpìtàn tó kọ̀wé lórí iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ní Nàìjíríà, tó sì jẹ́ gíwá àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Kàlàbá. Àyàn méjì ló tẹ̀lé Emmanuel yẹn! Ògúnlọlá ló sì tẹ ìlú wa dó. Ṣé a wá torí Ògún pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ ni?

Ilé bàbá ń sọ ọmọ lórúkọ, ilé ìyá náà ń sọ ọ́. Bí àwọn ará ilé yín bá ní orúkọ tiwọn, ẹ fi í ṣáájú nínú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, kí Àyándélé tẹ̀lé e. Ẹ fi àmì ohùn sí i dáadáa. Bẹ́ ẹ bá sì gbé ọmọ lọ kí bàbá ní Ọ̀yọ́, ẹ bi í ní oríkì ìran rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọmọ.