Fóònù mi kò kọjá àmì ilé-iṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn tí mo root ẹ̀: ṣé pánẹ́ẹ̀lì ló jó?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní ìlú Oǹdó. Fóònù mi ń falẹ̀, ni mo bá ní kí n root ẹ̀ (kí n gba àṣẹ pátápátá lórí ẹ̀) kí RAM rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Mo ṣí bootloader (ètò tó ń jí fóònù), ọ̀rẹ́ mi tó ń lo irú fóònù mi gan-an sì fi fáìlì boot tó ti fi Magisk (app tí wọ́n fi ń root) ṣe fún tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo flash ẹ̀, ìyẹn ni pé mo kọ ọ́ sínú fóònù, láti orí kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà náà, àmì ilé-iṣẹ́ á yọ, fóònù á gbọ̀n, á kú, á tún tan ara rẹ̀. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa ní pánẹ́ẹ̀lì (pátákó inú fóònù tí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ wà lórí ẹ̀) ti jó. Ẹlòmíì ní kí n jẹ́ kí òun fi Format All nù ún. Ta ni kí n gbà gbọ́? Báwo ni mo sì ṣe lè rí àwọn fọ́tò mi?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ nínú àwọn méjèèjì. Bí fóònù rẹ kò bá bọ́ sómi, tí kò sì jábọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé pánẹ́ẹ̀lì rẹ kò jó.

Ọ̀rọ̀ pánẹ́ẹ̀lì yìí ń bí mi nínú, nítorí mo ń gbọ́ ọ ní gbogbo ìgbà níbí ní Àkúrẹ́, láti Ọjà Ọba dé ẹnu géètì FUTA. Wọ́n á gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n á tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní pánẹ́ẹ̀lì ti lọ. Ọmọ á pe ìyá rẹ̀ nílé, ìyá á wá owó. Kò sí ẹni tó so fóònù náà mọ́ kọ̀ǹpútà rí.

Rò ó wò. Ta ló gbé àmì ilé-iṣẹ́ yẹn yọ sójú fóònù? Kí ó tó lè yọ, iná ti wọlé láti bátìrì, ọpọlọ fóònù ti jí, ó ti lọ ka nǹkan nínú ibi ìpamọ́, ojú fóònù sì ti tan. Pánẹ́ẹ̀lì tó jó kì í sábà ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn láṣepé, kó tún máa ṣe é ní àṣetúnṣe. Dán an wò fúnra rẹ: pa fóònù náà, kí o sì di bọ́tìnì pawa àti ti ìdínkù ohùn mú pọ̀ títí yóò fi wọ fastboot, ipò tí fóònù ti ń gba àṣẹ láti orí kọ̀ǹpútà (ti àwọn fóònù kan yàtọ̀, wo ti tìrẹ). So ó mọ́ kọ̀ǹpútà tí o fi flash ẹ̀, kí o sì kọ fastboot devices. Bí nọ́ńbà kan bá yọ, pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ní ó jó náà ló ń dáhùn yẹn. Èmi kò sọ pé pánẹ́ẹ̀lì kì í bàjẹ́ o. Ó ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn ọ́: kó gbé mítà jáde, kó so fóònù mọ́ pawa sọ́pùláì, kó tọ́ka sí ibi tí iná ti kan ara wọn. Bí ẹnu lásán bá ni gbogbo rẹ̀, gba fóònù rẹ, kí o máa lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an wà nínú ìbéèrè rẹ, o kàn kọjá lára rẹ̀ ni: "irú fóònù mi gan-an." Irú kan náà kò tó. Ọ̀kadà méjì lè jọra láti orí dé ẹsẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan kò ní ṣí èkejì. Inú fáìlì boot ni kernel wà, òun ló ń kọ́kọ́ jí nínú Android. Bó bá jí, á wá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní apá mìíràn nínú fóònù, àwọn tó ń darí ojú fóònù, kámẹ́rà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Build kan náà, ìyẹn ẹ̀dà software kan náà, ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ti wá. Ọ̀rẹ́ rẹ lè ti gba update tí ìwọ kò tíì gbà, ó sì lè jẹ́ pé tirẹ̀ jẹ́ ti ọjà orílẹ̀-èdè mìíràn. Orúkọ ẹ̀yìn fóònù kò ní yí padà, ṣùgbọ́n build number á ti yàtọ̀. Kernel tí kò bá rí ẹgbẹ́ rẹ̀ á ṣubú, fóònù á tún bẹ̀rẹ̀, á tún ṣubú. Ìyẹn ni bootloop tí o ń rí. Magisk kò ṣe ọ́ ní ibi kankan. Fáìlì tìrẹ ló yẹ kí o fún un.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Wá odidi firmware (àkójọ software tí ilé-iṣẹ́ ṣe fún fóònù) tó jẹ́ ti build rẹ gẹ́lẹ́. Bí o bá lè wọ recovery (ojú ìwé àtúnṣe tó wà nínú fóònù), build náà sábà máa ń wà lókè ojú rẹ̀. Lórí àwọn fóònù kan, inú boot ni recovery náà ń gbé, nítorí náà ó lè má jáde. Nígbà náà, wá screenshot àtijọ́ tàbí kí o kàn sí ibi àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí. Yọ boot.img nínú firmware yẹn, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, kí o sì kọ fastboot flash boot boot.img. Bí fóònù rẹ bá jẹ́ èyí tó bá Android 13 tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ jáde láti ilé-iṣẹ́, init_boot, apá mìíràn tó yàtọ̀ sí boot, ni Magisk sábà máa ń fọwọ́ kàn níbẹ̀. Má fi ọ̀kan sí àyè èkejì. Má flash firmware tó dàgbà ju ti orí fóònù lọ, nítorí àwọn fóònù kan ń rántí èyí tó kẹ́yìn, wọ́n sì lè kú pátápátá. Mo sì bẹ̀ ọ́, má ti bootloader padà nígbà tí fáìlì àjèjì ṣì wà nínú rẹ̀.

Ní ti Format All: SP Flash Tool ni ẹni yẹn ní lọ́kàn, irinṣẹ́ àwọn fóònù MediaTek. Àṣẹ yẹn ń nu gbogbo inú fóònù, ó sì ń gbá NVRAM lọ, níbi tí IMEI rẹ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù) wà. Fóònù lè tan lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Onítọ̀hún á wá ní kí o tún san owó kí òun kọ IMEI sí i, IMEI ta ni? Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀.

Ó dùn mí láti sọ èyí: àwọn fọ́tò tó wà nínú fóònù ti lọ. Kì í ṣe bootloop ló pa wọ́n rẹ́. Ọjọ́ tí o ṣí bootloader ni fóònù fúnra rẹ̀ nu gbogbo ohun inú rẹ̀, ó sì ti béèrè lọ́wọ́ rẹ kí o tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Wo Google Photos pẹ̀lú àkáǹtì rẹ, bóyá ó ti kó díẹ̀ pamọ́. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ rẹ pé òun á kó wọn jáde ń tàn ọ́ ni.

RAM ńkọ́? Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pánẹ́ẹ̀lì ni, root kò lè bí òmíràn sí i. Yọ àwọn app tí o kì í lò, disable àwọn tí kò ṣeé yọ, kó fídíò WhatsApp kúrò kí àyè lè wà. Ìyẹn á ràn ọ́ lọ́wọ́ ju root lọ. Mọ̀ pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ app báńkì kò ní ṣí lórí fóònù tí wọ́n ti root. Ẹ̀yin tó ń lo Samsung tí ẹ kọ irú ìbéèrè yìí, bí Knox, àmì ààbò Samsung, bá ti fò sí 0x1, kò sí flash tó ń dá a padà.

Mi ò rí fóònù rẹ, nítorí náà ìwọ ló máa ru ewu iṣẹ́ yìí. Bí o bá ti dá boot rẹ̀ gan-an padà, tó ṣì ń yípo, gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́, pẹ̀lú páálí àti rìsíìtì, kí o sì dúró tì í. Má jẹ́ kó tú ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà.