Ìwọ̀n ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe fọ́tò: pẹpẹ ìwé ara ògiri fún Bàbá ní Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú àjò o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní láti Manchester lẹ fẹ́ ṣe pẹpẹ ìwé tó gba odindi ògiri fún Bàbá, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ní Ìkẹ́rẹ́. Pé ikán ti jẹ ìdí páálí ìwé wọn méjì, owó ò sì pọ̀ lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe. Fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí káfíńtà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbàgbé. Káfíńtà tó rí fọ́tò láìrí ìwọ̀n á fi àyè tó fẹ̀ jù sáàárín òpó méjì, ìwé á sì tẹ àárín pẹpẹ náà wálẹ̀ kí ọdún tó yí po.

Ẹ kọ́kọ́ yan ògiri. Ilé tó fẹ̀yìn ti òkè, bí ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkẹ́rẹ́, omi òjò máa ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọ ìpìlẹ̀ rẹ̀, ògiri ẹ̀yìn á sì máa fà á mu. Ẹ má lo ògiri yẹn, ẹ má sì lo èyí tí ilé ìwẹ̀ wà lódì kejì rẹ̀. Ògiri àárín ilé ló dára jù. Kí àbúrò yín tó wà nílé gé ọ̀rá funfun, bí ẹsẹ̀ bàtà méjì níbùú lóròó, kó fi téèpù lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri náà, kó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí ìrì bá sẹ̀ sínú ọ̀rá, ògiri yẹn ń mu omi. Kó tún wo ẹsẹ̀ ògiri dáadáa: bí ilẹ̀ pupa tínrín bá gùn ún lọ sókè bí iṣan ara, ọ̀nà ikán nìyẹn. Kí wọ́n fi oògùn ikán sí gbogbo ibi tí ilẹ̀ ti sán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n ni ẹ máa jọ mú lórí fídíò. Lásìkò ooru yín, aago Manchester àti ti Ìkẹ́rẹ́ bára mu. Nígbà òtútù, Ìkẹ́rẹ́ fi wákàtí kan ṣáájú. Kó wọn fífẹ̀ ògiri nísàlẹ̀, láàárín àti lókè, torí ògiri tó gún régé ṣọ̀wọ́n. Èyí tó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ máa lò. Ẹ jẹ́ ká fi ògiri ẹsẹ̀ bàtà 12, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 366, ṣe àpẹẹrẹ.

Pláíwúùdù mìlímítà 18 ni kí ẹ rà. MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, dán lójú, ó sì rọrùn láti kùn, ṣùgbọ́n bí omi ìnulẹ̀ bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, á wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Kí àbúrò yín mú rúlà dání lọ sọ́jà, torí ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní 18 kì í ju 15 tàbí 16 lọ. Pákó kan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, ó gùn ní 8. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ rẹ́ ẹ sí mẹ́rin lóòró níbi tí ẹ ti rà á. Abala kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, á gùn ní 244, ẹnu ayùn á sì jẹ ìyókù. Abala 7 ni òpó. Wọ́n á pín ògiri sí àyè 6, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 58.5. Pẹpẹ 8 ni àyè kan máa gbà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 48. Abala kan á mú pẹpẹ 4 jáde, nítorí náà abala 12. Méje àti méjìlá di 19, pákó 5 ti tó, abala kan á sì ṣẹ́kù. Àárín pẹpẹ sí pẹpẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 33.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ fẹ àyè yẹn kí òpó lè dín kù. Ìwé tó tò dé mítà kan máa ń wúwo tó kílò 25 sí 30. Pẹpẹ tó gùn ní 58.5 á gbé bíi kílò 15 sí 18 láìtẹ̀. Èyí tó gùn ní 90, inú rẹ̀ á já wálẹ̀. Fún ààbò, kí wọ́n fi igi tóóró tó nípọn ní íǹṣì 1, tó fẹ̀ ní íǹṣì 2, ṣe etí iwájú pẹpẹ kọ̀ọ̀kan, kí fífẹ̀ rẹ̀ dúró lóòró. Igi ẹsẹ̀ bàtà 12 mẹ́jọ ló máa gbà. Mẹ́jọ mìíràn, tó nípọn ní íǹṣì 1, tó sì fẹ̀ ní íǹṣì 1, ni wọ́n á gé sí sẹ̀ǹtímítà 29, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù àti sikúrù dè é mọ́ ara òpó kí pẹpẹ lè jókòó lé e. Èyí ṣe pàtàkì nítorí sikúrù tó ti apá ọ̀tún wọlé àti èyí tó ti apá òsì wọlé máa ń pàdé ara wọn nínú òpó kan náà. Kí wọ́n kọ́kọ́ lu ihò kékeré. Ìṣó tí wọ́n fi òòlù kàn wọ etí pláíwúùdù máa ń là á.

Ẹ má gbé òpó lé ilẹ̀ lásán. Bílọ́ọ̀kù 6 íǹṣì mẹ́sàn-án, kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, kí wọ́n sì tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sórí rẹ̀. Omi ìnulẹ̀ ò ní kan igi mọ́. Kí ìwọ̀n ìka kan ṣófo láàárín pẹpẹ àti ògiri kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn. Ẹ má kan ẹ̀yìn sí i. Ẹ kun ògiri, owó pákó mẹ́ta ti dúró sápò nìyẹn. Àmọ́ láìsí ẹ̀yìn, áńgù irin, ìyẹn irin onígun tó ń de igi mọ́ ògiri, ló máa dì í mú: ọ̀kan lórí òpó kọ̀ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín. Inú bílọ́ọ̀kù ṣófo, físà, ìyẹn ike tí wọ́n ń kì bọ ihò ògiri kí sikúrù lè dì mú, ò ní di ibẹ̀ mú. Kí wọ́n lu ihò sí ojú sìmẹ́ǹtì tó so bílọ́ọ̀kù méjì pọ̀, kó sì jìnnà sí òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì, torí wáyà ń gba ibẹ̀ kọjá.

Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kẹta ni kí wọ́n ṣe é. Igi tóóró tí wọ́n rà tútù ní sọ́ọ̀mìlì nígbà òjò á lọ́ nígbà ọyẹ́. Kí wọ́n kun gbogbo pákó, pàápàá ojú ibi tí ayùn gé, ní oògùn ikán tó ṣeé fi ọ̀dà lé lórí, níta, kí wọ́n tó tò ó. Bàbá ò gbọdọ̀ sùn nínú yàrá yẹn títí òórùn rẹ̀ á fi lọ.

Ní ti owó, ẹ san ti pákó tààrà sí àkáǹtì ẹni tó tà á, ẹ sì gba rìsíìtì. Ìdajì owó iṣẹ́ káfíńtà nígbà tí òpó bá dúró, ìyókù lẹ́yìn àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò náà ni pé kí àbúrò yín to ìwé kún àyè kan, kó fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó wá na òwú láti igun kan pẹpẹ dé èkejì nígbà tí ẹ ń wò ó lórí fídíò. Bí àlàfo bá hàn lábẹ́ òwú láàárín, ẹ má tíì san ìyókù; kí káfíńtà fi etí iwájú tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ sí i ná.