Ìyá arúgbó yẹn ní kí ọmọ mi má fọwọ́ kan òun

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílùú ọba, lọ́sẹ̀ tó kọjá ó fi voice note ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ẹkún ló ń sun. Ó ní ìyá òyìnbó kan tí òun fẹ́ wẹ̀ fún fa apá ẹ̀ sẹ́yìn, ó ní kó má fọwọ́ kan òun, kí wọ́n lọ pe ẹlòmíì wá, bẹ́ẹ̀ ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ ọmọ mi. Ìyá ìjọ wa ní ẹ̀rù ló ń ba ìyá yẹn, pé kò rí dúdú rí, kí ọmọ mi ní sùúrù. Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin ní irọ́ ni, ìgbéraga onílẹ̀ ni. Èwo ni ká gbà? Torí àwa níbí, a kì í ṣe àlejò báyẹn. Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá mi kí ọmọ náà kú ọ̀ràn.

Ìyá ìjọ yín ò parọ́ o. Tí ẹ bá dé Igbó Ọ̀ṣun lásìkò ọdún nínú oṣù kẹjọ, ẹ máa rí ọmọ kékeré tí kò rí òyìnbó rí, á figbe ta, á wọ abẹ́ ìró ìyá ẹ̀, á wá máa yọjú díẹ̀díẹ̀, kó tó pẹ́ ó ti ń fọwọ́ pa irun òyìnbó yẹn. Àwọn tó ṣèwádìí ọmọ ìkókó pàápàá rí i pé ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ò yan àwọ̀ kankan láàyò, tó bá tó oṣù mẹ́ta ló ń tẹjú mọ́ ojú tó jọ tàwọn tó ń gbé e. Irú ẹ̀rù yẹn, tí wọ́n bá ti mọra tán, ó tán nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí tàwọn kan kì í tán? Ní South Africa, obìnrin dúdú ló ń pọn ọmọ òyìnbó, òun ló ń sebẹ̀ tí wọ́n ń jẹ, síbẹ̀ àfi ìgbà tó di 1994 kó tó lè dìbò. Ìyẹn kì í ṣe àìmọra. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Òfin 1913 ya nǹkan bí ìdá méje péré nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn dúdú, bẹ́ẹ̀ àwọn ló pọ̀ jù. Tí èèyàn bá wá gbà pé ẹni tó pọn òun jẹ́ èèyàn bí òun, kí ló fẹ́ sọ nípa oko tó jókòó lé?

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti Virginia ní Amẹ́ríkà. Ní 1676, àwọn ẹrú dúdú àtàwọn òyìnbó tálákà tó wà níwọ̀fà jọ gbé ohun ìjà sí gómìnà, Jamestown tó jẹ́ olú ìlú jóná. Àyà àwọn ọlọ́lá já. Nígbà tó fi máa di 1705, òfin ti yà wọ́n nípá: ọ̀gá ò gbọdọ̀ bọ́ṣọ lára ìwọ̀fà òyìnbó kó nà án láìgbàṣẹ adájọ́, ṣùgbọ́n dúdú, ìbáà jẹ́ ẹrú ìbáà jẹ́ ẹni tó wà lómìnira, tó bá fi lè gbọ́wọ́ sókè sí òyìnbó, ẹgba 30 ni. Òyìnbó tálákà yẹn ò lówó síi o, wọ́n kàn fún un lẹ́ni tí á máa wò nílẹ̀. Ẹni tí ò ní nǹkan míì, ìyẹn ló máa dì mú ṣinṣin, ọmọ ẹ̀ á jogún ẹ̀, ọmọ-ọmọ ẹ̀ á rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Màmá, ẹ má bínú, gbólóhùn yín tó kẹ́yìn yẹn ò jẹ́ kí n sinmi. Lóòótọ́ a gba Susanne Wenger, ọmọ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, a sọ ọ́ ní Àdùnní, ó sì wà lọ́dọ̀ wa títí tó fi kú ní 2009, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà ní Igbó Ọ̀ṣun. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin Àgàtú kan tó ń roko fáwọn èèyàn wá gba yàrá ládùúgbò wa níbí, owó ọdún kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú, ó ti kà á sórí bẹ́ǹṣì tán, ni láńdílọ́ọ̀dù bá ń bi éjéńtì lójú ẹ̀ pé ṣé àwọn wọ̀nyí kì í pààyàn. Mo wà níbẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Ọmọ yẹn kó owó ẹ̀ padà sínú ọ̀rá, ó rọra ń tẹ́ ẹ lé ara wọn, kò wojú ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá wo ọmọ tiyín. Ó dá mi lójú pé ẹ̀rù ba òun náà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tiẹ̀ ò lè lé ẹnikẹ́ni jáde nínú yàrá. Ti ìyá yẹn lè lé e. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yín ti wọlé, mo sì gbà pé òun ló sún mọ́ òótọ́ jù.

Kí ọmọ náà kọ ọjọ́, aago àti ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn sọ gan-an sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí máníjà ẹ̀ lórí email, kó má sọ ọ́ lẹ́nu lásán, kódà bí ìyá náà bá ti ń ṣarán. Òfin Equality Act ti 2010 níbẹ̀ ò gbà kí wọ́n fìyà jẹ òṣìṣẹ́ torí àwọ̀ ẹ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UNISON náà sì ń gba àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ pè é lálẹ́ òní, ẹ má kọ́kọ́ sọ pé kó ní sùúrù. Ẹ jẹ́ kó sọ tẹnu ẹ̀ tán ná.