Èsì: Ṣé wọ́n ṣì lè mú mi torí ohun tí mo kọ sórí Facebook?

Wọ́n ṣì lè mú ẹ o, ọ̀rẹ́ mi. Ìlérí ìjọba Nàìjíríà tó o sọ yẹn, pé òfin Cybercrimes, ìyẹn òfin tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ò wà fún àwọn oníròyìn, kò sí nínú ìwé òfin, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lọlọ́pàá ń lò.

Section 24 òfin náà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 2015, sọ nígbà yẹn pé irọ́ tó o fi fẹ́ bí èèyàn nínú lè sọ ẹ́ sẹ́wọ̀n ọdún 3, ta ló wá mọ ibi tí bíbínú parí sí? Òun ni wọ́n fi ń kó àwọn oníròyìn nígbà yẹn. Ó dùn mí gan-an.

Kóòtù ECOWAS, ìyẹn kóòtù àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ní kí Nàìjíríà yí i padà ní 2022, Nàìjíríà sì tún un ṣe ní 2024, ó wá di irọ́ tó lè da ìlú rú tàbí wu ẹ̀mí léwu. "Da ìlú rú" náà ṣì fẹ̀ jù.

Tó bá jẹ́ òótọ́ lo kọ, tọ́jú ẹ̀rí ẹ dáadáa, kó o sì ní nọ́ńbà lọ́yà kan lọ́wọ́.