Ṣé kíbọ́ọ̀dù ńlá ni kí n rà, àbí ohùn inú kọ̀ǹpútà tó mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kíbọ́ọ̀dù Yamaha PSR ni mo ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nílé, mo ń fi FL Studio (ètò kọ̀ǹpútà fún orin) gba orin sílẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù Windows tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ ohùn inú kọ̀ǹpútà, ó máa ń pẹ́ kó tó dún. Ṣé kí n kúkú ra kíbọ́ọ̀dù ńlá tó ní ohùn tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ di owó yín mú ná. Kọ̀ǹpútà yín ni a kò tíì tò dáadáa, ohùn inú rẹ̀ kò jẹ̀bi. Ìdì ìdì ni kọ̀ǹpútà ń kó ìró jọ kó tó tì í sí sípíkà. Ìdì yìí ni wọ́n ń pè ní buffer. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ka ẹyọ ìró 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (44,100 Hz), buffer tó gba ẹyọ 1,024 nìkan á jẹ nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 23. 128 kò jẹ ju bíi 3 lọ. Bí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ bá ti lé ní nǹkan bíi 12, ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ ṣí Options, kí ẹ lọ sí Audio Settings, kí ẹ yan FL Studio ASIO tàbí ASIO4ALL, àwọn ètò tó ń jẹ́ kí ìró tètè jáde, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti buffer 256, kí ẹ wá sọ ọ́ di 128. Bí ìró bá ń ta pàpàpà, agbára kọ̀ǹpútà kò ká a nìyẹn, ẹ padà sókè. Nígbà tí ẹ bá ń po orin pọ̀, 1,024 kò burú, torí ẹ kò tẹ nǹkan kan mọ́. Ẹ má fi hẹ́dífóònù Bluetooth ṣe iṣẹ́ yìí rárá: òun nìkan lè fi mílísẹ́kọ́ǹdì tó lé ní 100 kún un, kò sì sí ASIO tó lè wò ó sàn.

Ẹ wo ẹ̀yìn PSR yín. Bí ihò tí wọ́n kọ USB TO HOST sí bá wà níbẹ̀, irú okùn tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ẹ máa kì bọ̀ ọ́. Ẹ yàn án nínú MIDI Settings (MIDI ni èdè tí kíbọ́ọ̀dù fi ń sọ ohun tí ẹ tẹ̀ fún kọ̀ǹpútà), kí ẹ sì pa Local lórí PSR, kí títẹ̀ yín má baà dún ohùn tirẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn méjì ni yóò máa dún pọ̀. Àwọn PSR kéékèèké kan wà tí kò mọ títẹ̀ jẹ́jẹ́ yàtọ̀ sí títẹ̀ líle. Bí tiyín bá jẹ́ ọ̀kan, duru inú kọ̀ǹpútà kò ní dùn lábẹ́ ọwọ́ yín láé, ìyẹn nìkan sì tó ìdí láti pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti ohùn, Vital, Surge XT àti Dexed, àwọn ètò tó ń dá ohùn inú kọ̀ǹpútà, ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́. Dexed ń ṣe bíi DX7, kíbọ́ọ̀dù tí Yamaha gbé jáde ní 1983. Ohùn duru oníná tó wà nínú orin ìhìnrere àtijọ́ wà níbẹ̀ dáadáa. Ìṣirò ni irú wọn fi ń dá ohùn, nítorí náà wọn kò jẹ RAM púpọ̀. Duru àti fayolíìnì tí wọ́n gbà sílẹ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni yóò fún 8GB lọ́rùn. Bí ẹ bá ti parí ìlà kan, ẹ sọ ọ́ di faili ìró kí ẹ tó gbé òmíràn wọlé.

Bí ohùn PSR fúnra rẹ̀ bá wù yín, audio interface oníhò méjì, àpótí tó ń gbé ìró wọ kọ̀ǹpútà, ni ẹ rà. Àwọn PSR mìíràn kò ní ju ihò hẹ́dífóònù lọ. Okùn tó pín sí òsì àti ọ̀tún ni ẹ máa lò. Bí ó bá ń kùn, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù. Bí kíkùn náà bá dákẹ́, DI box (àpótí kékeré tí ìró ń gbà kọjá) tó ní ground lift, bọ́tìnnì tó ń já okùn ilẹ̀, ni oògùn rẹ̀.

Ibi tí kíbọ́ọ̀dù ńlá ti borí ni pẹpẹ: ẹ tan án, ó ti dún, Windows kò sì ní dá yín dúró láàárín ìyìn. Àmọ́ bí NEPA bá mú iná lọ, láptọ́ọ̀pù ní bátìrì tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù ńlá kò ní. Bí ilé nìkan ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́, mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa rà á lọ́dún yìí.