Server Àwòrán Tó Ń Falẹ̀: Ká Tún Un Ṣe ni, Àbí Ká Pààrọ̀ Rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé àyẹ̀wò wa ní ẹ̀rọ CT kan, X-ray kan àti ultrasound méjì. Orthanc, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àwòrán ìṣègùn, la fi ń gba àwòrán wọn sórí server tá a rà ní 2014. RAM rẹ̀ jẹ́ 8 GB, hard disk 2 TB mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀ lórí RAID 5 (wọ́n so pọ̀ bí ọ̀kan, bí ọ̀kan bá kú, dátà ò ní sọnù), Windows Server 2012 R2 ló sì ń lò. CT inú tó ní ègé 600 máa ń gba ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó ṣí lójú dókítà, ọ̀sán ló sì burú jù. Ọ̀gá wa ní ká ra RAM kún un. Ẹni tó ń tajà fún wa ní ká kó o dànù, ká ra tuntun. Èwo ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì náwó lé ìmọ̀ràn méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Ègé CT kan máa ń ní 512 × 512 pixel, báìtì méjì sì ni pixel kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìdajì MB. Ègé 600 á wá jẹ́ nǹkan bí 300 MB. Network 100 Mb/s ti àtijọ́ pàápàá á gbé e láàárín bí ìdajì ìṣẹ́jú. Ti 1 Gb/s á gbé e ní bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́rin yín túmọ̀ sí pé MB kan àti díẹ̀ péré ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nǹkan ló há síbì kan.

Ẹ lọ sídìí server fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ ṣí CT yẹn níbẹ̀. Bó bá ṣí kíá, network ló lẹ́bi. Wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú okùn network. Bí ọ̀kan bá já, 1 Gb/s lè di 100 Mb/s láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Bí ẹnì kan bá sì ti fọwọ́ yan iyára lápá kan, tí apá kejì wà lórí auto, dátà á máa kọlu ara wọn, á sì lọ́ra bíi tiyín yìí.

Ṣùgbọ́n nítorí ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ọ̀sán, hard disk là ń fura sí jù. Ẹ ṣí Resource Monitor lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ wo abala Disk. Bí Disk Queue Length bá ń ga ṣáá, tí active time ò kúrò ní 100%, ọwọ́ ti ba olè. Hard disk 7200 rpm ò lè wá fáìlì kiri ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ fáìlì kan ni ègé kọ̀ọ̀kan. RAID 5 tún dá kún un: kó tó lè kọ nǹkan kékeré kan sílẹ̀, á kà lẹ́ẹ̀mejì, á kọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí CT ń rọ́ wọlé, tí dókítà ń ṣí ti àná, tí SQLite tó jẹ́ atọ́ka Orthanc náà ń kọ, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbà.

Ẹ yẹ bátìrì orí káàdì RAID wò pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí rẹ̀. Bó bá kú, káàdì á kúrò ní write-back (tí kì í dúró de disk) bọ́ sí write-through (tó ń dúró dè é), kíkọ á sì falẹ̀ gan-an. Ẹ sọ fún antivirus kó yé yẹ StorageDirectory, fódà tí Orthanc ń kó àwòrán sí, wò. Ní ti RAM, bí Task Manager ò bá fi hàn pé ó ti fẹ́ẹ̀ kún, owó ọ̀gá yín á ṣòfò ni.

Ìpinnu tiwa rèé. SMART, àkọsílẹ̀ ìlera tí disk ń ṣe nípa ara rẹ̀, lẹ ó kọ́kọ́ wò: bí Reallocated Sector Count tàbí Current Pending Sector (iye ojú ibi tó bàjẹ́ tàbí tó fẹ́ bàjẹ́ lórí disk) bá ń pọ̀ sí i, ẹ má tún nǹkan kan ṣe mọ́, ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo àwòrán sórí disk míì lálẹ́ ọjọ́ náà. RAID kì í ṣe ẹ̀dà o. Bí disk bá ṣì le, ẹ ra SSD méjì tó ní ààbò fún ìgbà tí iná bá lọ lójijì, ẹ so wọ́n pọ̀ ní RAID 1 (kí ohun kan náà wà lórí méjèèjì), ẹ dá Orthanc dúró, kẹ́ ẹ gbé IndexDirectory, fódà atọ́ka, síbẹ̀. Àwòrán lè dúró sórí hard disk.

Ìyẹn á jẹ́ kẹ́ ẹ mí díẹ̀, ṣùgbọ́n server náà gbọ́dọ̀ lọ. Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ fún Windows Server 2012 R2 dúró ní ọjọ́ 10 oṣù October 2023, àṣírí aláìsàn ló sì wà nínú rẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, disk mẹ́rin tó jọ dàgbà lè jọ kú: bí ọ̀kan bá lọ, àtúntò RAID 5 á ka mẹ́ta tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí òmíràn bá kú lẹ́nu ẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé tuntun dé, ẹ fún un ní IP, port àti AE Title (orúkọ tí àwọn ẹ̀rọ àwòrán fi ń mọ̀ ọ́n) ti àtijọ́, kẹ́ ẹ fún ti àtijọ́ ní IP míì. Ẹ ò ní nílò ẹni tó máa wá tún CT tò. Ẹ fi DICOM, ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ àwòrán ìṣègùn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ta àwòrán àtijọ́ ránṣẹ́ sórí server tuntun, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ti ẹnu àìpẹ́ yìí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ PostgreSQL, database míì tó lè gba ipò SQLite, àsìkò yìí gan-an ni, torí atọ́ka SQLite kì í bá yín kọjá sínú rẹ̀. Ẹ ṣí /statistics lórí port 8042 ti méjèèjì: bẹ́ ẹ bá yọ àwòrán tuntun tó wọlé tààrà sí server tuntun kúrò, CountStudies (iye àyẹ̀wò) àti CountInstances (iye àwòrán) gbọ́dọ̀ dọ́gba kẹ́ ẹ tó pa ti àtijọ́.

ÌBÉÈRÈ: A pààrọ̀ server, Orthanc ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n X-ray ní òun ò rí i. IP ò yí padà.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣe C-ECHO, ìdánwò DICOM tó ń wò ó bóyá ẹ̀rọ méjì ń gbọ́ ara wọn, láti ojú X-ray. Bí kò bá dáhùn rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé firewall Windows ti ti port 4242 pa, tàbí pé 104 ni wọ́n kọ sínú X-ray. Bó bá dáhùn pé òun kọ̀ ọ́, ẹ wo AE Title: kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 16 lọ, lẹ́tà ńlá àti kékeré sì yàtọ̀ síra wọn lójú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ.