Àyẹ̀wò ò rí nǹkan kan, àmọ́ inú ò yéé run mí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Olùkọ́ ni mí, ọmọ ọdún 36. Ní bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ìgbẹ́ gbuuru mú mi fún ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí mo ti òde dé. Láti ìgbà náà ni inú ti ń run mí lábẹ́ ìdodo, bí ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, á sì kún bí ẹni tó lóyún. Lọ́jọ́ kan ìgbẹ́ á ṣàn, lọ́jọ́ mìíràn á le bí èkùrọ́. Tí mo bá ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ tán, á fúyẹ́. Mo ti lo Flagyl títí, mo mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n tọ́jú táífọ́ọ̀dù fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí ilé ìwòsàn wá yẹ̀ mí wò dáadáa, wọ́n ní kò sí ohun tó bà jẹ́, pé IBS (irritable bowel syndrome, àìsàn ìfun tó ń ṣe ségesège) ni. Ṣé àìsàn gidi ni? Kí ni kí n máa jẹ?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àìsàn gidi ni, ẹ ò fọkàn rò ó wá. Àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn láti inú ìfun lọ sí ọpọlọ ló ti di ẹlẹ́gẹ́. Gáàsì tí ẹlòmíràn ò ní fura sí rárá, ìfun tiyín á kà á sí ìrora. Bí ìfun ṣe ń fún ara rẹ̀ láti ti oúnjẹ síwájú náà ò dọ́gba mọ́: bó bá yá jù, ìgbẹ́ á ṣàn, bó bá falẹ̀, á gbẹ. Nítorí pé kò sí egbò, kò sí wíwú, kámẹ́rà tí wọ́n fi ń wo inú ìfun ò lè rí i. Bí ẹni 1 nínú 10 tí ìgbẹ́ gbuuru mú látọwọ́ kòkòrò ló ń bá IBS bọ̀ níbẹ̀, ó sì jọ pé ibẹ̀ ni tiyín ti wá.

Flagyl ń pa amíbà àti irú àwọn kòkòrò kan. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn nídìí ọ̀rọ̀ yìí mọ́, nítorí náà àwọn kòkòrò rere inú ìfun ló ń bá jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ní ti táífọ́ọ̀dù, àyẹ̀wò Widal kan ṣoṣo ò tó ẹ̀rí. Ó lè fi hàn pé ó wà lára ẹni tí kò ní in. Ọ̀pọ̀ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ń lé ìgbẹ́ jáde tipátipá ni, òmíràn sì ní ọtí nínú. Ìfun ẹlẹ́gẹ́ á tún máa fún ara rẹ̀ pọ̀ sí i. Àmọ́ àwọn àgbà tó máa ń sọ pé ṣúgà ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí rí nǹkan kan. Ṣúgà tó ń da irú inú yín rú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí a ń bù sí gaàrí kọ́ ni olórí rẹ̀. Èyí tó fara pamọ́ sínú ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti wàrà ni.

Àwọn ṣúgà wọ̀nyí kì í gba inú ìfun wọ ara dáadáa. Wọ́n á fa omi mọ́ra, tí wọ́n bá dé ìfun ńlá, wọ́n á kan bí ògì ṣe ń kan nínú ìkòkò, gáàsì á sì kún ibẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn olùṣèwádìí Yunifásítì Monash ní Ọsirélíà gbé kalẹ̀ ni pé kí ẹ yẹra fún wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin: ẹ̀wà, àlùbọ́sà, áàyù, búrẹ́dì àti ohun tí a fi fúláwà ṣe, wàrà, máńgòrò, wọ́tàmẹ́lọ́nì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n jù. Ìrẹsì, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú, ẹyin, ẹja, ẹran, kárọ́ọ̀tì àti ìbẹ́pẹ wà fún yín. Ata ò ní ṣúgà yìí, ṣùgbọ́n títa rẹ̀ ń bá iṣan ìfun jà. Ẹ dín rodo kù sí ìdajì.

Àlùbọ́sà ló ń ba ètò yìí jẹ́ jù nílé wa, torí ó wà nínú gbogbo ọbẹ̀, ọ̀pọ̀ mágì náà sì ní in. Ṣúgà rẹ̀ ń yòrò nínú omi, kì í yòrò nínú òróró. Nítorí náà, ẹ gé e ní ńláńlá, ẹ dín in nínú òróró, kí ẹ sì ṣà á kúrò *kí* ẹ tó da ata lílọ̀ sí i. Adùn á wà, ṣúgà ò ní sí. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́ mọ́ ata, ṣúgà rẹ̀ ti wọ inú ọbẹ̀ nìyẹn. Ewé àlùbọ́sà eléwé ò léwu, funfun ìdí rẹ̀ ni kí ẹ gé sọ nù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ dá wọn padà, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ ẹyọ náà fún ọjọ́ mẹ́ta, díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kó pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Ẹ fún inú ní ọjọ́ mẹ́ta ìsinmi kí ẹ tó dán òmíràn wò. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: ara á tù wọ́n, wọ́n á sì takété sí gbogbo rẹ̀ títí tí ara á fi gbẹ. Ó lè jẹ́ ohun méjì péré ló ń yọ yín lẹ́nu. Bí ẹ bá ń dán ẹ̀wà wò, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ bó èèpo rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín tí kò ní àlùbọ́sà sàn ju ẹ̀wà sísè lọ. Ní ti wàrà, inú ọ̀pọ̀ jù lọ àgbà Yorùbá kì í da ṣúgà rẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú IBS tàbí láìsí i.

Ẹ má fi ebi pa inú títí ilé ìwé á fi parí kí ẹ wá jẹ àjẹkún. Tíì tàbí kọfí ò gbọdọ̀ ju ife mẹ́ta lọ lójúmọ́.

Tí inú bá ṣì ń run yín, mebeverine miligíráàmù 135, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ, ń mú kí ìfun dẹ̀. Fún ìgbẹ́ líle, ispaghula (èèpo irúgbìn kan tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀) ṣíbí tíì kan nínú ife omi kíkún, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Èérí àlìkámà á dá gáàsì sílẹ̀ ni. Bí èyí ò bá tó, dókítà lè kọ amitriptyline miligíráàmù 10 lálaalẹ́. Oògùn ìdààmú ọkàn ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n kékeré yìí, iṣan ìfun ló ń tù. Ẹ má fúnra yín rà á.

Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí ẹ bá ń rù láìmọ̀dí, tí ìgbẹ́ ń jí yín lóru, tí ibà wà, tí ẹ̀jẹ̀ ò tó lára, tàbí tí ará ilé yín kan ti ní jẹjẹrẹ ìfun, ẹ padà sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ náà gan-an, kí ẹ má dúró de ètò oúnjẹ yìí.